Bí Ọmọ Yín Bá Fẹ́ Dìbò Méyọ̀ ní Ìlú Kékeré l'Amẹ́ríkà: Ohun Tí Ẹ Lè Bá A Ṣe láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ọmọ yín ń gbé l'Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìbò ààrẹ wọn ni, kò sẹ́ni tí mo ní láti jí lójú oorun. Gbogbo Tákìè ló máa ń gbóná sí i, kálukú á ní ẹni tirẹ̀, a ó máa jiyàn bí ẹni pé àwa la fẹ́ lọ dì í. Ìbò tí mo fẹ́ kí á jọ sọ ni èyí tí àwọn ọmọ wa fúnra wọn kì í rántí: ìbò méyọ̀ ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé. Ẹ bi wọ́n pé ta ni méyọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ á ní, "Mọ́mì, mi ò mọ̀ ọ́n o."

Méyọ̀ ni alága káńsù tiwọn. Òun àti ìgbìmọ̀ ìlú ló ń bójú tó omi ẹ̀rọ, ojú títì, iná ẹ̀bá ọ̀nà, ìdọ̀tí, pápá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, ilé ìkówèésí, àti ọlọ́pàá ìlú. Ohun tó ń kan ọmọ yín láti àárọ̀ títí di alẹ́ nìyẹn. Ààrẹ kì í wá kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà fún un.

Káńsù ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, ní Kínníra níbí, ní Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti pè mí síṣẹ́ ìbò láìmọye ìgbà. Mo ti jókòó ti àpótí ìbò títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ti ka ìbò lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ ní Colorado, tí mo lọ bá a wẹ ọmọ, ìbò méyọ̀ ìlú wọn bá mi níbẹ̀. Èmi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo rí àti ohun tí mo béèrè ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa sọ nígbà tí ọmọ bá pè lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ìwé

Kí ẹ tó sọ pé "lọ dìbò o," ẹ bi í pé ṣé ó ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà. Green card kọ́ o. Ẹni tó ní green card lè ṣiṣẹ́, ó lè ra ilé, ó lè san owó orí fún ogún ọdún, síbẹ̀ kò tíì di olùdìbò. Ẹni tó ti kọ fọ́ọ̀mù N-400, tó yege nínú ìdánwò, tó na ọwọ́ sókè tó búra, tí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí, òun ló lè forúkọ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi fi èyí ṣáájú ni pé ewu ńlá wà níbẹ̀. Láti 1993 ni òfin wọn ti ní kí wọ́n máa bi ẹni tó bá wá gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, tí oorun ń kùn ún, akọ̀wé á bi í ní wàrà-wàrà, òun náà á ní "yes" kó lè tètè lọ. Orúkọ ti wọ̀wé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ òfin 1996 ní ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ Amẹ́ríkà nígbà tí kò tíì jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè lé e kúrò nílùú, kó má sì tún rọ́nà wọlé mọ́. Mo mọ ìyá kan ní Ìjérù tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wọn. Ìwé ìbò ni ọmọ náà kàn rí nínú àpótí lẹ́tà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, inú ìyá dùn, wọ́n rò pé wọ́n ti gbà á sí ọmọ ìlú. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní kó má fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tiyín, kó má dìbò rárá, kó sì tọ agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú lọ kó tó kọ lẹ́tà kankan sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìlú díẹ̀ wà tó yàtọ̀. Ní Takoma Park àti Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ẹni tí kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà lè dìbò ìlú, méyọ̀ àti ìgbìmọ̀ nìkan, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ààrẹ. Àwọn ọmọ ọdún 16 náà ń dìbò níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá ń gbé nírú ìlú bẹ́ẹ̀, kó lọ bi akọ̀wé ìlú lójúkojú ohun tó tọ́ sí i. Kó má gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lẹ́nu ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lórí WhatsApp.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí ìlú kékeré?

Nítorí pé níbẹ̀ ni ìbò ẹnì kan ti ń wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìlú kékeré l'Amẹ́ríkà ló ń dìbò méyọ̀ lọ́dún tí kò sí ìbò ààrẹ, nígbà tí ariwo ò sí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó sílé. Ní November 2023, ní Monroe, ìlú kan ní North Carolina tí èèyàn ibẹ̀ tó bí 35,000, àwọn méjì tó léwájú nínú ìbò méyọ̀ gba 970 sí 970. Wọ́n kà á, kò sí èyí tó fi ẹyọ kan ju èkejì lọ. Owó ẹyọ ni wọ́n jù sókè, òun ló mú Robert Burns wọlé, tí Robert Yanacsek fi padà sílé. Òfin ìpínlẹ̀ wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ro iye ọmọ Yorùbá, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, olùkọ́, tó lè wà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ìdílé kan ṣoṣo tó bá jáde, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ wọn tó ti pé 18, kì bá má sí pé à ń ju owó sókè.

Kì í sì í ṣe dídì nìkan. Wilmot Collins, ọmọ Làìbéríà tí ogun lé kúrò nílùú rẹ̀, du méyọ̀ Helena ní Montana ní 2017, ó sì borí ẹni tó ti pẹ́ lórí àga náà. Helena kò ju bí 32,000 èèyàn lọ, àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ sì kéré níye gidigidi. Wọ́n tún yàn án ní 2021. Ní Colorado tí ọmọ mi wà, Yemi Mobolade, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà níbí, di ọmọ Amẹ́ríkà ní 2017. Nígbà tó di May 2023, wọ́n ti dìbò yàn án ní méyọ̀ Colorado Springs. Ìyẹn kì í ṣe ìlú kékeré, èèyàn ibẹ̀ sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù. Ẹni 12 ló jáde ní April, kò sẹ́ni tó gba ju ìdajì lọ, ni wọ́n bá tún un dì láàárín àwọn méjì tó ṣáájú. Mo ń dárúkọ wọn kí ọmọ yín má baà sọ pé "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ àwọn onílùú nìyẹn." Ibi tí èèyàn bá ti ń san owó orí, tó ti bímọ, tó sì ti búra fún un, ìlú rẹ̀ ni.

Kó fi orúkọ sílẹ̀ ní àsìkò, kó sì fi orúkọ tó pé

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní Colorado, èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ títí di ọjọ́ ìbò gan-an, bó bá lọ fúnra rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn a máa ti ìwé pa ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, ẹni tó bá pẹ́ ti pàdánù. Ojú òpó ìjọba tó ń jẹ́ vote.gov ló ń darí èèyàn sí ti ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kó san owó kó tó forúkọ sílẹ̀, olè ni.

Ẹ̀yin ìyá, ibi tí ẹ ti lè ràn án lọ́wọ́ jù ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń ṣe é: orúkọ kan ní ilé ìwé, òmíràn ní báńkì, orúkọ ọkọ wọlé, orúkọ oríkì bọ́ sáàárín. Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ìbúra ni kó kọ, létà sí létà. Bó bá sì kó kúrò ní ilé kan sí òmíràn, bí kò tiẹ̀ ju òpópónà kejì lọ, kó lọ yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í gbé ìwé ìbò tẹ̀ lé èèyàn lọ sí ilé tuntun bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn lẹ́tà yòókù. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ ni yóò padà sí.

Kó mọ irú méyọ̀ tó fẹ́ yàn

Èyí ló yà mí lẹ́nu jù lọ. Lọ́dọ̀ wa, ìwé òfin ọdún 1999 ti to iṣẹ́ káńsù sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà: ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti òkú, ìdọ̀tí. Alága kan kò yàtọ̀ sí èkejì nínú agbára. L'Amẹ́ríkà, ìlú méjì tó fara kanra lè ní méyọ̀ tí agbára wọn jìnnà síra bí ọ̀run àti ilẹ̀.

Ní àwọn ìlú kan, méyọ̀ ló ń gba èèyàn síṣẹ́, òun ló ń lé wọn, òun ló ń gbé ìṣirò owó ọdún síwájú ìgbìmọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú á gba ògbóǹkangí kan síṣẹ́ tí yóò máa ṣe àkóso, wọ́n á máa sanwó oṣù fún un, wọ́n sì lè dá a dúró. Méyọ̀ á kàn máa darí ìpàdé ìgbìmọ̀ ni, ìbò kan ṣoṣo ni tirẹ̀ náà nínú wọn. Staunton ní Virginia ló kọ́kọ́ gba irú alákòóso bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ ní 1908, ó sì tàn kálẹ̀. Ìlú ọmọ mi wà lára wọn. Méyọ̀ wọn ní iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹun lára rẹ̀. Àṣálẹ́ ló ń ráyè fún ti ìlú.

Bí ọmọ yín ò bá mọ èyí, ẹni tó bá ń fọ́nnu jù ló máa tàn án jẹ. Ẹni tó ń du àga tí kò lágbára, tó wá ń sọ pé òun á lé ọ̀gá ọlọ́pàá lọ́jọ́ tí òun bá wọlé, yálà kò mọ iṣẹ́ tó ń wá tàbí ó mọ̀ tó ń parọ́. Àwọn nǹkan kan sì wà tí kò sí lọ́wọ́ méyọ̀ rárá. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń dìbò yàn lọ́tọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣẹ́ríìfù, ìyẹn ọ̀gá agbófinró kaúńtì, àti ilé ẹ̀wọ̀n, ti kaúńtì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ẹkùn ìjọba tó sábà máa ń kó ìlú púpọ̀ pọ̀. Ẹ ní kó pe ọ́fíìsì akọ̀wé ìlú, kó bi wọ́n pé, "Kí ni méyọ̀ yín lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀?" Wọ́n á dá a lóhùn, iṣẹ́ wọn ni.

Kó lọ wo àwọn tó ń du àga náà lójú

Ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré, wọn kì í kọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú sí ẹ̀gbẹ́ olùdíje méyọ̀. Àwa tí a ti mọ́ wa lára láti wá àmì ẹgbẹ́ lórí ìwé kí á tó tẹ̀ka, ibẹ̀ ni ọwọ́ wa ti máa ń sú. Kò sí àbùradà, kò sí ìgbálẹ̀. Orúkọ lásán ni. Nítorí náà ọmọ yín gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Ó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn olùdíje máa ń kan ilẹ̀kùn ilé kiri, wọ́n á kí ọmọ, wọ́n á dúró fèsì ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sì máa ń kó gbogbo wọn jọ ní ìpàdé ìta gbangba kan kí ará ìlú bi wọ́n ní ìbéèrè. League of Women Voters, ẹgbẹ́ kan tó ti wà láti 1920 tí kì í ti olùdíje kankan lẹ́yìn, ló ń ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú.

Ọmọ mi mú mi lọ sí ti ìlú wọn, mo pọn ọmọ tuntun sẹ́yìn. Ilé ìkówèésí ni, yàrá kan tí kò tó gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùdíje jókòó sí ìdí tábìlì gígùn, obìnrin kan jókòó níwájú wọn pẹ̀lú káàdì tó ń fi hàn wọ́n bó bá ku ìṣẹ́jú kan. Kò sí onílù, kò sí ẹni tó ń pín ráìsì tàbí aṣọ. Ọmọ mi dìde. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ó ní ibi tí bọ́ọ̀sì ń já òun sí láàárọ̀ kùtù kò ní iná, yìnyín á sì dì sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kó. Olùdíje kìíní ní, "Bí ẹ bá yàn mí, iná máa tàn níbi gbogbo." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó jókòó tẹ̀ lé e kò ṣe ìlérí kankan. Ó bi ọmọ mi pé ibùdókọ̀ wo ni, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òpó iná tó wà ní òpópónà yẹn, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ló ni ín, ìlú kàn ń sanwó iná ni, àti pé ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe ni kí wọ́n fi sínú ìṣirò owó ọdún tó ń bọ̀. Ti yìnyín, ó ní òfin ìlú ti sọ pé ẹni tó ni ilé tó kọjú sí ọ̀nà ni kó kó o, kò kàn sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé òfin náà ni.

Mo fọwọ́ kan ọmọ mi léjìká, mo ní, "Ẹni tìrẹ nìyẹn." Mo ti rí alága tó pọ̀ láyé mi. Ẹni tó mọ ẹni tó ni òpó ló lè gbé òpó dúró. Ìbéèrè irú ti ọmọ mi yìí ni kí ẹ kọ́ ọmọ yín: ohun kan pàtó, ní ibì kan pàtó, tó ń dùn ún. Bó bá bi wọ́n nípa "ìdàgbàsókè," ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n máa fi dá a lóhùn.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí olùdíje kan bá ti wà nínú ìgbìmọ̀ rí, àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìlú, ó sì sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe dìbò. Kó ka ti oṣù mẹ́ta péré. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ owó ìpolongo, ó máa ń hàn níbẹ̀ ẹni tó fún olùdíje lówó. Bí àwọn tó ń kọ́ ilé tà bá kún inú ìwé olùdíje kan, ó yẹ kó bi í nípa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí.

Ìwé ìbò fúnra rẹ̀

Ní Colorado, wọ́n máa ń fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sílé gbogbo ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ ìbò. Èmi ni mo lọ mú u nínú àpótí lẹ́tà, ó wà pọ̀ mọ́ ìwé owó iná. Ọmọ mi kó àwo kúrò lórí tábìlì, ó nu ún gbẹ kó tó tú u, torí ẹ̀rọ ló ń ka ìwé náà, òróró tàbí ọbẹ̀ lè bà á jẹ́. Ìwé gígùn ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lójú méjèèjì. Wọn kì í tẹ̀ka. Bírò dúdú tàbí búlúù ni wọ́n fi ń kun ihò róbótó tó wà níwájú orúkọ, kó kún dáadáa. Ẹni tó bá fa ìlà tàbí tó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí i ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ ní kó yí ìwé padà! Ẹ̀yìn ìwé ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé. Òfin Colorado láti 1992 ni pé ìjọba kò lè fi owó orí tuntun lélẹ̀ láìjẹ́ pé ará ìlú dìbò sí i. Nítorí náà lẹ́yìn orúkọ méyọ̀, ìbéèrè wà níbẹ̀ pé ṣé kí wọ́n fi díẹ̀ kún owó orí ọjà láti fi tún títì ṣe. Ọkọ ọmọ mi kà á sókè, èmi náà gbọ́, inú mi sì dùn dé ibì kan. Pé kí ìjọba bi èèyàn kí ó tó gbọ́n owó lápò rẹ̀, ó wù mí kí n rí i ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí n tó kú.

Ibi tí ìbò ti ń ṣòfò jù wà lára àpò ìwé tí wọ́n á fi dá a padà. Ẹni tó dìbò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lẹ́yìn, wọ́n á sì fi ìfọwọ́síwèé náà wé èyí tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ìfọwọ́síwèé àwọn ọmọ wa kì í dúró sójú kan. Èyí tí wọ́n fi gba ìwé ìwakọ̀ kọ́ ni wọ́n ń fi gba owó. Kó lo èyí tó wà lórí ìwé ìwakọ̀. Àpò kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ olówó rẹ̀ lára: tọkọtaya kò gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, kí ìyàwó má fọwọ́ sí ti ọkọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé ìfọwọ́síwèé kò jọra, wọ́n á kọ lẹ́tà sí i, ó sì ní ọjọ́ 8 lẹ́yìn ìbò láti tún un ṣe. Lẹ́tà tó bá dé lẹ́yìn ìbò, ẹ má jẹ́ kó jù ú sọ́nù láìtú u.

Aago 7 alẹ́ ọjọ́ ìbò ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn. Kì í ṣe kó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́nà. Àpótí irin funfun kan wà níta ọ́fíìsì ìlú, kámẹ́rà ń wò ó tọ̀sán-tòru, inú rẹ̀ ni ọmọ mi jù ú sí nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹnì kan lè bá àwọn ẹlòmíràn gbé e lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, èèyàn á lọ tò ní ibùdó ìdìbò bíi tiwa. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ níbẹ̀: bó bá ti wà lórí ìlà kí aago tó lù, ẹnikẹ́ni ò lè lé e padà. Kó dúró.

Bí ìyá tàbí bàbá àgbà kan láti ọ̀dọ̀ wa bá ti di ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọn ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì tàbí tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, òfin àpapọ̀ fún wọn láṣẹ láti mú ẹni tó bá wù wọ́n wọlé kó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọmọ wọn lè ṣe é, ará ilé lè ṣe é. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn nìkan ni kò gbọdọ̀ ṣe é. Ohun tí wọ́n bá ní kí ó kun ni kó kun, kó má yan ẹni tí ó wu òun.

Ohun tí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí olùdíje kankan. Kódà bó bá jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kódà bó bá jẹ́ ọmọ àbúrò yín. Òfin wọn ní àjèjì kò gbọdọ̀ dáwó sí ìbò kankan níbẹ̀, ti ààrẹ, ti ìpínlẹ̀, tàbí ti ìlú, yálà fúnra rẹ̀ tàbí kó gba ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fún ọmọ yín lówó kó bá yín fi sílẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, ẹ ti kó o sí ìjọ̀ngbọ̀n, ẹ sì ti kó olùdíje náà sí i. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ máa ń fẹ́ dáwó jọ bí tiwa bá jáde du ipò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàdúrà, ẹ pè é kí ẹ kí i, ẹ fi ọwọ́ yín mọ síbẹ̀. Ọmọ tó ní green card ní tirẹ̀ lè dáwó láti inú owó tó fi iṣẹ́ rẹ̀ rí, ó sì lè bá wọn kan ilẹ̀kùn kiri bí kò tiẹ̀ lè dìbò.

Ẹ má sì fi ọjọ́ ìbò tí ẹ rí lórí WhatsApp ránṣẹ́ sí i. Ìlú kan lè dìbò ní April, èkejì ní May, ẹ̀kẹta ní November. Ọjọ́ tí akọ̀wé ìlú rẹ̀ bá sọ nìkan ni òótọ́.

Lẹ́yìn ìbò

Èsì tí wọ́n bá kà lálẹ́ ọjọ́ ìbò kì í ṣe òpin. Ó máa ń gbà wọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ sí i láti ka ìyókù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá súnmọ́ra jù, wọ́n á tún un kà. Kí ọmọ yín má bá ẹnikẹ́ni jà lórí èsì alẹ́ ọjọ́ kìíní.

Lọ́dọ̀ wa, bí ìbò káńsù bá ti parí bí èyí tí OYSIEC, àjọ elétò ìbò Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣe ní 27 April 2024, ó di ìgbà tí alága bá ní ayẹyẹ kí á tó tún rí i. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú máa ń ṣe ìpàdé déédéé, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, wọ́n á sì ya àyè sọ́tọ̀ fún ará ìlú láti sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún ẹnì kan. Ẹni tí kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bákan náà, wọn kì í bi í léèrè ìwé. Ọmọ mi lọ lẹ́ẹ̀kan sí i lórí ọ̀rọ̀ iná ibùdókọ̀ yẹn. Ó kọ ohun tó fẹ́ sọ sórí ìwé kó má baà jẹ àkókò rẹ̀ tán, ó dárúkọ òpópónà, ó dárúkọ aago tí bọ́ọ̀sì ń dé.

Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń gbé fídíò ìpàdé náà sórí YouTube. Ìpàdé tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ ní Colorado, aago 2 òru ló jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà òtútù wọn, aago 1 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nítorí náà ẹ sùn, ẹ wò ó láàárọ̀. Ẹ ní kí ọmọ fi orúkọ ìlú náà ránṣẹ́ kí ẹ lè rí i. Bó bá tún pè lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ bi í pé ibo ni wọ́n dé lórí owó títì, àti pé ta ni kò fọwọ́ sí i nínú ìgbìmọ̀.